Má Bi Í Lẹ́nu Ọ̀nà: Bí Sínágọ́gù Ṣe Lè Gba Júù Onílé Méjì Mọ́ra

Júù tí àwọ̀ rẹ̀ bá dúdú, tàbí tí orúkọ ìdílé rẹ̀ bá jẹ́ Adéyẹmí tàbí Kim, ti mọ ìbéèrè tí wọ́n máa bi í nínú sínágọ́gù kó tó jókòó: "Báwo lẹ ṣe jẹ́ Júù?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bi í, àwo oúnjẹ sì máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bèèrè. Ó gbà pé òun ń kí àlejò ni. Àmọ́ àlejò kọ́ lẹni náà. Ó lè jẹ́ pé láti kékeré ló ti ń kọ́ èdè Hébérù, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ló máa ka Tórà, ìwé òfin Mósè, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tó ń gbọ́ nínú ìbéèrè yẹn ni pé kó kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá ká tó gbà pé ọmọ ilé ni.

Èrò tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ẹ̀tọ́ sí ìbéèrè yẹn nínú ìjọ, ìyẹn rábì, kò sì gbọdọ̀ bèèrè rẹ̀ níbòmíràn ju ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, nígbà tí ohun kan tó gba ìdáhùn bá délẹ̀. Ìjọ tó bá lè di èyí mú ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì tó kù wà lára àwọn nǹkan tí ìgbìmọ̀ alákòóso kì í sábà jókòó lé lórí: géètì, fọ́ọ̀mù, ìkòkò, fìlà.

Júù onílé méjì, ìyẹn àwọn tí ìdílé wọn da Júù pọ̀ mọ́ ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn mìíràn, kì í ṣe èèyàn díẹ̀. Nínú ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìwádìí Pew ṣe ní 2020 lórí àwọn Júù Amẹ́ríkà, ìdá 42 nínú 100 àwọn tó ti ṣègbéyàwó ló fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Júù. Láàárín àwọn tó ṣègbéyàwó láti 2010, ó ti di ìdá 61. Ìdá 8 nínú 100 àgbàlagbà Júù ló pe ara wọn ní aláwọ̀ dúdú, ará Éṣíà, Hispanic tàbí àdàlù ìran, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí kò tíì pé ọmọ 30 ọdún, ìdá 15 ni. Àjọ Jews of Color Initiative, tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Júù aláwọ̀, náà gbé ìwádìí kan jáde ní 2021 tí àwọn tó lé ní 1,000 dáhùn. Ìdá 80 nínú 100 wọn ló ní wọ́n ti fojú yẹpẹrẹ wo àwọn rí láàárín àwọn Júù ẹgbẹ́ àwọn.

Ká má sì kó gbogbo wọn pọ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe Júù wà níbẹ̀, èyí tí bàbá rẹ̀ nìkan jẹ́ Júù wà níbẹ̀, ẹni tó fúnra rẹ̀ gba ẹ̀sìn Júù wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ láti Kòríà tàbí Guatemala náà wà níbẹ̀. Àwọn kan tún wà tí kì í ṣe onílé méjì rárá, tí wọ́n kàn ń fi àwọ̀ wọn ṣì wọ́n mú: Júù Etiópíà, Júù Íńdíà, Júù Yemen. Ní May 1991, Ísírẹ́lì fi ọkọ̀ òfuurufú kó Júù Etiópíà tó lé ní 14,000 kúrò ní Addis Ababa láàárín nǹkan bíi wákàtí 36. Bí o bá bi ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ pé ìgbà wo ló di Júù, ọ̀rọ̀ pin.

Òfin ni ká wá kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ti ń ṣẹ̀. Lójú àwọn ẹ̀ka ẹ̀sìn Júù tí wọ́n ń pè ní Orthodox àti Conservative, ọ̀dọ̀ ìyá ni jíjẹ́ Júù ti ń wá. Ẹ̀ka Reform ní Amẹ́ríkà yí tiwọn padà ní 1983: bí ọ̀kan nínú òbí méjèèjì bá jẹ́ Júù, ó tó, bóyá bàbá ni tàbí ìyá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ìpinnu yìí tán. Kò ní pé ẹ̀jẹ̀ bàbá nìkan tó. Ó ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ fi ìṣe tó hàn sójú ayé, bí orúkọ Hébérù, ẹ̀kọ́ Tórà àti bar mitzvah (ayẹyẹ ìgbà tí ọmọ bá pé ọdún 13), ti ìjẹ́-Júù rẹ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, ọmọ kan náà lè jẹ́ Júù ní òpópónà kan, kó má jẹ́ ẹ ní ìkejì.

Fi ti Yorùbá wé e. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé bàbá la fi ń mọ ọmọ, oríkì orílẹ̀ bàbá rẹ̀ la sì ń kì fún un. Bí ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan bá fẹ́ obìnrin Júù ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ wọn jẹ́ Júù lójú rábì tó le jù lọ, ó sì jẹ́ ọmọ onílé lójú ẹbí bàbá rẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde. Méjèèjì ló ń pè é ní tiwọn. Ṣùgbọ́n bí àbúrò ọkùnrin yẹn tó jẹ́ obìnrin bá fẹ́ ọkùnrin Júù, òfin Júù á ní ìyá lòun ń wò, àṣà Yorùbá á ní bàbá lòun ń wò, ọmọ á wá bọ́ sí àlàfo. Ọmọ ìyá kan náà làwọn òbí yìí o, àwọn ọmọ wọn sì jọ ń ṣeré nílé ìyá àgbà. Onítọ̀hún kò dẹ́ṣẹ̀ kankan, ibi tí òfin méjì ti yà fún ara wọn ló bí i sí. Ilé ìyá kì í lé ọmọ lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ló ń gba Yorùbá sílẹ̀. Sínágọ́gù náà ní láti wá irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀.

Ìlẹ̀kùn náà sì wà, bí wọ́n bá tètè ṣí i. Jíjókòó, gbígbàdúrà, jíjẹun, kíkọrin, wíwá sí kíláàsì: kò sí ọ̀kan tó ní kéèyàn fi ẹ̀rí hàn nínú wọn. Ohun tó ń gba ẹ̀rí kò ju kíka ẹni mọ́ àwọn 10 tí wọ́n gbọ́dọ̀ pé kí àdúrà àpapọ̀ tó wáyé, pípe ẹni síbi Tórà, bar mitzvah, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Bí ìdílé bá ti forúkọ sílẹ̀, kí rábì pè wọ́n láàárín oṣù kìíní, kó sọ fún wọn láìfi bò ohun tí ìjọ òun gbà àti ohun tí kò gbà. Bí ọmọ bá nílò ìgbàwọlé sínú ẹ̀sìn Júù lábẹ́ òfin, iṣẹ́ náà kò pọ̀ nígbà tó wà ní kékeré: rábì mẹ́ta ní ìjókòó, ìrìbọmi nínú mikveh (adágún omi ìwẹ̀nùmọ́), àti fún ọkùnrin tí wọ́n ti kọ nílà tẹ́lẹ̀, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ohun tó ń bàjẹ́ ni pé ojú ń ti ìjọ láti sọ ọ́. Wọ́n á dákẹ́ títí ọmọ á fi pé ọdún 12 àtààbọ̀, wọ́n á ti gba gbọ̀ngán, wọ́n á ti pín ìwé ìpè, ìgbà náà ni ẹnì kan á wá sọ pé, "Ẹ gbọ́ ná, ìyá ẹ̀ ńkọ́?" Ọmọ ọdún 12 kì í gbàgbé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Òfin tó gbà ẹ́ nìkan kò sì fún ọ ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Angela Buchdahl, tí wọ́n bí ní Seoul fún ìyá ẹlẹ́sìn Búdà ọmọ Kòríà àti bàbá Júù, dàgbà nínú ìjọ Reform tó kà á sí Júù. Síbẹ̀, nígbà tó pé ọmọ ọdún 21, ó lọ ṣe ìgbàwọlé lọ́dọ̀ Orthodox. Òun ló di olórí rábì ní Central Synagogue ní Manhattan ní 2014.

Ti ìsìnkú, kí ìjọ kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń fún ọmọ ìjọ tuntun: ṣé wọ́n lè sin ọkọ tàbí aya tí kì í ṣe Júù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kejì rẹ̀, àbí apá ọ̀tọ̀ kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, àbí kò ṣeé ṣe rárá? Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè lọ ra ilẹ̀ síbòmíràn.

Ẹnu géètì ni ibi tó le jù. Ní ọjọ́ 27 oṣù October 2018, agbébọn kan pa èèyàn 11 ní sínágọ́gù Tree of Life ní Pittsburgh. Ní ọjọ́ 15 oṣù January 2022, ní Colleyville ní Texas, rábì ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin kan tó kan ilẹ̀kùn, ó fún un ní tíì. Ọkùnrin náà yọ ìbọn, ó sì dá èèyàn mẹ́rin dúró síbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 11. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí sínágọ́gù mú ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kò mọ ohun tó ń sọ. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ẹ̀ṣọ́ ń wo àwọ̀ dípò ìwà. Ẹ̀wù òtútù nínú oòrùn, ẹni tó ń yí ilé po tó ń ya fọ́tò géètì, ẹni tí kò fẹ́ dáhùn ìkíni: ìwọ̀nyí ni kó máa wò.

Bí wọ́n bá ń yẹ báàgì wò, ti gbogbo èèyàn ni kí wọ́n yẹ̀ wò, àti ti alága ìjọ. Kí ọmọ ìjọ kan tó mọ ojú àwọn èèyàn dúró ti ẹ̀ṣọ́ títí ìsìn á fi dé ìdajì. Àwọn tó ń pẹ́ dé ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń bá. Ilé iṣẹ́ tó ń pèsè ẹ̀ṣọ́ máa ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́ lemọ́lemọ́, nítorí náà kí wọ́n fún ẹni tuntun ní ìwé ojú-ewé kan lọ́jọ́ tó bá dé, kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Kí wọ́n má sì máa fi ìdánwò bi èèyàn pé ọdún wo ló kàn lẹ́yìn Ìrékọjá. Ẹni tó kọ́kọ́ ń padà sídìí ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n, ọ̀daràn sì lè wò ó lórí fóònù ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ tún wo ti káàdì ìdánimọ̀. Júù tó ń pa Shabbat, ọjọ́ ìsinmi wọn láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ sí alẹ́ Sátidé, mọ́ dáadáa kì í gbé wọ́léètì tàbí fóònù jáde lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ní kí aláwọ̀ dúdú nìkan mú káàdì jáde, ẹni tó ń pa òfin mọ́ jù lọ láàárín wọn ló máa dá padà sílé.

Bí wọ́n bá wọlé tán, kiddush ló kàn, ìyẹn ìpápánu lẹ́yìn ìsìn. Òfin Júù fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ níbí: Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àti òfin àwọn rábì àtijọ́, kà á léèwọ̀ láti rán ẹni tó gba ẹ̀sìn Júù létí ìṣe rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, tàbí láti rán ọmọ rẹ̀ létí ìṣe àwọn baba rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé òun kàn fẹ́ mọ̀ ni, orí èèwọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Kí àwọn tó ń kí èèyàn ní gbólóhùn tí wọ́n ti mọ̀ lórí: kí ẹni náà ní "Shabbat shalom," sọ orúkọ ara rẹ, fi ìwé àdúrà tí wọ́n fi lẹ́tà Òyìnbó kọ Hébérù inú rẹ̀ hàn án, sọ ojú-ewé tí wọ́n wà, kí o bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì í. Ó tán. Má sì rò pé obìnrin dúdú tó gbé ọmọ funfun dání, ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ìyá ọmọ ni.

Oúnjẹ ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti àwọn Júù Ìlà-oòrùn Yúróòpù, bí ẹni pé Ọlọ́run fi ẹja herring ránṣẹ́ láti Sinai. Bí ìdílé kan bá fẹ́ se tiwọn wá, ìjọ sábà máa ń sọ pé kò bófin mu, nígbà tó jẹ́ pé ó bófin mu bí wọ́n bá fara balẹ̀. Ká mú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Kílò 5 tó fún èèyàn bí 60. Kì í ṣe ilé ni wọ́n ti máa sè é, ilé ìdáná sínágọ́gù ni, ní Ọjọ́bọ̀ tàbí kí oòrùn Jímọ̀ tó wọ̀, pẹ̀lú alábòójútó oúnjẹ nítòsí. Edé kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, àti lílọ̀ àti odindi, nítorí ohun inú omi tí kò bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́ jẹ́ èèwọ̀. Èèwọ̀ ni ẹja àrọ̀ náà. Kí wọ́n wo àmì ẹ̀rí kosher (pé ó bá òfin oúnjẹ Júù mu) lára kúùbù ìsebẹ̀, kọrí àti táímù kí wọ́n tó tú u síkòkò. Kí wọ́n la tàtàṣé, kí wọ́n wo inú rẹ̀ bóyá kòkòrò wà. Bí wọ́n bá fi omi ẹran sè é, ìkòkò ẹran ni wọ́n máa lò, bọ́tà kò gbọdọ̀ kàn án, kéèkì oníwàrà kò sì lè wà lórí tábìlì yẹn. Nítorí náà òróró àti ata nìkan ló dára jù, yóò bá ohun gbogbo lọ.

Ìyá àgbà tí kì í ṣe Júù ńkọ́, ṣé ó lè sè é? Ó lè sè é, bí Júù bá ti bá a tan iná. Ọ̀pọ̀ rábì Ashkenazi (àwọn Júù tí ìran wọn ti Àárín àti Ìlà-oòrùn Yúróòpù wá) ló gbà pé títan iná yẹn tó. Ohun tí ìyá àgbà kò ní mọ̀ ni pé láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí di ọ̀sán Sátidé ni oúnjẹ náà máa fi wà lórí irin gbígbóná, wọn kò sì lè bu omi sí i lọ́jọ́ Shabbat. Jọ̀lọ́ọ̀fù á gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jó kọjá èyí tí à ń fẹ́ nínú jọ̀lọ́ọ̀fù pátì. Kí wọ́n gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. Láàárọ̀, kí wọ́n da abọ́ irin dé orí irin gbígbóná náà, kí wọ́n gbé ìrẹsì tó ti jinná tán, tó sì gbẹ, lé orí rẹ̀. Kí wọ́n bi rábì tiwọn kọ́kọ́, nítorí èrò wọn kò dọ́gba lórí rẹ̀.

Ìsọmọlórúkọ ni ibi tí Yorùbá àti Júù ti súnmọ́ra ju bí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣe mọ̀ lọ. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń kọ ọmọkùnrin Júù nílà, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ ìbí sì wà nínú kíkà gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Àmọ́ alẹ́ ni ọjọ́ tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni; èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú ní Mọ́ńdè, ó di Túsìdeè. Bí ọjọ́ kẹjọ bá bọ́ sí Shabbat, wọ́n á kọ ọ́ nílà lọ́jọ́ náà, àyàfi bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi bí i, tàbí bí ìyá kì í bá ṣe Júù, tí ilà náà fi jẹ́ ara ìgbàwọlé. Kí ìdílé tí wọ́n fẹ́ ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú fún ìyá àgbà láti Ìbàdàn mọ èyí ṣáájú. Oyin, iyọ̀ àti omi kò ní èèwọ̀ nínú. Àwọn Ashkenazi kì í sọ ọmọ ní orúkọ alààyè, òkú ìdílé ni wọ́n fi ń sọ ọ́, nítorí náà Babátúndé kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti lóye.

Nígbà tí wọ́n bá ń pe èèyàn síbi Tórà, orúkọ rẹ̀ àti ti òbí rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ẹni tó gba ẹ̀sìn máa ń jẹ́ ọmọ Abrahamu àti Sara. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe Júù, wọ́n lè fi orúkọ ìyá pè é. Wàhálà ni kí gabbai, ẹni tó ń pè wọ́n, bèèrè èyí létí gbogbo ìjọ. Kó kọ ọ́ sórí káàdì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kó bi ẹni náà ní ìdákọ́ńkọ́ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n pe òun.

Ọjọ́ bar mitzvah wá ni ẹbí máa ń dé. Kí ìjọ àti ìdílé jókòó ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa gòkè, ẹni tó máa ka nǹkan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó máa fi Tórà lé ọmọ lọ́wọ́. Òbí tí kì í ṣe Júù tó fi ọdún 13 wa ọmọ lọ sí kíláàsì kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ lórí pẹpẹ pé kó dúró sísàlẹ̀. Fún àwọn Yorùbá, àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹnì kan sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Nínáwó fún ọmọ lọ́jọ́ Shabbat kò ṣeé ṣe níbi tí wọ́n bá ti ń pa á mọ́, nítorí wọn kì í fọwọ́ kan owó. Gángan àti kámẹ́rà náà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n gbé àríyá sí alẹ́ Sátidé lẹ́yìn tí ìràwọ̀ bá yọ tàbí sí ọjọ́ Sunday, kí wọ́n lùlù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fìlà, ní tirẹ̀, ti tó láti bo orí. Kí amúnijókòó má bọ́ fìlà lórí bàbá àgbà láti fi kippah (fìlà kékeré àwọn Júù) oníbébà dípò rẹ̀. Gèlè sì bo irun ju ọ̀pọ̀ ìborí tí àwọn ìyàwó Orthodox ń wé lọ. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló lè ṣàròyé.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti rí ohun tí kò ní gbàgbé. JFS, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Júù kan níbẹ̀, kò gba ọmọ kan nítorí pé ìgbàwọlé ìyá rẹ̀ kì í ṣe ti Orthodox. Ní ọjọ́ 16 oṣù December 2009, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bìrìtìkó dájọ́ pé fífi ìran ìyá yan ọmọ jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà. Láti ìgbà náà, ìṣe ẹ̀sìn ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń wò, bíi wíwá sí sínágọ́gù. Èyí kò kan kíláàsì ọjọ́ Sunday, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe fọ́ọ̀mù mọ̀ ọ́n. Kí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ gba orúkọ, fóònù àti oúnjẹ tí ọmọ kò lè jẹ. Ti ìran, kó wà lórí ìwé ọ̀tọ̀ tó ń lọ sọ́wọ́ rábì nìkan.

Ìgbìmọ̀ kan tí akọ̀ròyìn Stephen Bush, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Júù aláwọ̀ dúdú, darí fún Board of Deputies, ẹgbẹ́ tó ń ṣojú àwọn Júù ní Bìrìtìkó, gbé ìmọ̀ràn 119 kalẹ̀ ní 2021. Ìjọ kékeré tó bá ka 119 á rẹ̀wẹ̀sì. Kí wọ́n mú géètì, fọ́ọ̀mù àti ẹni tó ń gba ẹ̀sùn. Àwòrán ìdílé dúdú kan ṣoṣo lójú ìwé ìpolówó kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Ìdílé náà gan-an mọ ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀ wọ́n fún fọ́tò lọ́dọọdún tí ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ wọ́n rí pé kí wọ́n wá sínú ìgbìmọ̀ ìṣúná.

Ti ẹni tó ń gba ẹ̀sùn ni ìjọ máa ń gbójú fò. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ tó dun ọmọlúàbí, ìyẹn á sọ fún rábì, rábì á ní, "Àgbàlagbà ni, kò ní i lọ́kàn." Ìdílé náà kò ní jà, wọn kò kàn ní wá mọ́, ìjọ á sì rò pé wọ́n kó lọ síbòmíràn ni. Kí ìjọ yan èèyàn méjì, kí ọ̀kan má ṣe jẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, kí orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn wà lára ògiri. Láàárín ọjọ́ méjì, ọ̀kan nínú wọn á pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, á gbọ́ tẹnu rẹ̀, kò sì ní ní kó wá la ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ lọ́yẹ̀. Ẹnì kejì á lọ bá ẹni tó sọ̀rọ̀ náà nílé. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni, ilé iṣẹ́ tó rán an wá ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, wọ́n á sì ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kí Shabbat tó ń bọ̀ tó dé.